Ẹ̀jẹ̀ Tí Gbogbo Wa Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Fáìlì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí tábìlì mi ní oṣù kẹta ọdún 2021, ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ní kí aláìsàn tó ni ín máa lọ sílé. Iṣẹ́ tèmi ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ìlera ni láti ka ohun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ nípa ẹni tí wọ́n tọ́jú, kí n wá àìsàn kọ̀ọ̀kan lọ sínú ìwé ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, kí n sì kọ kóòdù tí ó bá a mu sára fáìlì àti sínú kọ̀ǹpútà, kí ìròyìn ohun tí ń ṣe àwọn ènìyàn àgbègbè wa lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi í ṣètò oògùn, ẹ̀jẹ̀ àti owó. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣe é àti fún àwọn dókítà ọ̀dọ́, nítorí pé ìpalára tí ìtọ́jú kan fi sílẹ̀ nínú ara fún ọdún kan tàbí méjì kí ó tó yọjú, ìwé nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Nígbà tí ó bá yọjú, dókítà tí ó ṣe ìtọ́jú náà kò sí níbẹ̀ mọ́, aláìsàn fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ti àná ló bí ti òní. Mo ti yí àwọn ohun kan tí ó lè tọ́ka sí aláìsàn náà padà, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan.

Obìnrin ẹni ọdún 54 ni, ó ń ta èlùbọ́ àti gààrí lọ́jà. Ní ìparí ọdún 2018 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ọrùn ilé ọmọ rẹ̀. Nítorí pé ó ti tàn kọjá ibi tí iṣẹ́ abẹ lè kó o kúrò, ìtànṣán (radiotherapy) ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí pé àwa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ìtànṣán láti òde ara ní ìgbà 25, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 50 Gy (gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán). Cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, ń bá a rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ki ohun èlò tí ó ní ìtànṣán nínú gba ojú ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, kí agbára rẹ̀ lè dé ojú ibi tí àìsàn náà wà gan-an. Ó parí gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019, jẹjẹrẹ náà sì lọ. Wọ́n ní kí ó máa padà wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó ń lọ déédéé títí àrùn kòrónà fi dé ní 2020, tí ìjọba fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà padà, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lójú ara rẹ̀, kò padà lọ mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, oṣù 16 lẹ́yìn tí ó gba ìtànṣán ìkẹyìn, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Láàrin àwa Yorùbá, ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í wá orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ará ilé mọ̀ ọ́n, oníbàárà mọ̀ ọ́n, ìyá alágbo tí ó ń kiri ní ìdí ọkọ̀ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, wọn yóò ní kí ó jìnnà sí ohun dídùn, wọn yóò sì bu àgbo fún un. Ó mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó wá sọ́dọ̀ wa.

Ìgbà mẹ́ta ni ó wá gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tí ń ti ilé wá, ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kọkànlá àti oṣù kìíní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún dókítà pé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu, dókítà sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí haemorrhoids, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ìdí, ó kọ ọ́ sí ibi tí ó yẹ kí àbájáde àyẹ̀wò wà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti wo ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ló di ọ̀rọ̀ dókítà. Dókítà kejì ka ohun tí ti àkọ́kọ́ kọ, ó tún un kọ. Ẹ̀kẹta ṣe bákan náà, ó sì fún un ní ọjọ́ tí yóò lọ rí àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè so jẹ̀díjẹ̀dí náà tàbí kí wọ́n gé e. Ẹ̀ka wa fi K64.9 sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tí í ṣe kóòdù haemorrhoids tí a kò sọ irú rẹ̀. Ìkẹta nínú wọn, ọwọ́ mi ni ó kọ ọ́. Mo rántí pé ìṣẹ́jú kan péré ni mo lò lórí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta wọ́n gbé e wọlé lóru, òyì ń kọ́ ọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 17, ó kéré gan-an. Wọ́n fà á lẹ́jẹ̀ páìntì mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tí ó gbà á wọlé ní wọ́ọ̀dù bi í léèrè gbogbo ohun tí ó ti ṣe é rí, ó sì kọ ìlà kan ṣoṣo pé aláìsàn ní òun “lọ gba iná” fún jẹjẹrẹ ní 2019. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wò ó kọ ọ́ pé awọ iwájú ìfun ìdí ti pọ́n, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ti fara kàn án, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀ bí gbòǹgbò koríko, òun kò sì rí haemorrhoids kankan. Nítorí pé ìwé tí wọ́n fi rán an sí i kò sọ ju pé ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òun náà kò sọ ohun tí ó fà á. Àwọn dókítà wọ́ọ̀dù ka ìwé rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi sucralfate, oògùn tí ń bo ojú egbò, tí a pò mọ́ omi rọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í fi wo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀jẹ̀ náà dínkù. PCV gòkè dé 26, wọ́n fún un ní oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ ìwé àkótán ìtọ́jú, èyí tí ẹ̀ka wa ń kọ́kọ́ kà nínú gbogbo fáìlì. Ìlà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun, àìtó ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.

Bí mo bá kọ kóòdù bí mo ṣe rí i, K92.2 ni, ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun tí a kò mọ ibi tí ó ti ń wá, D64.9, àìtó ẹ̀jẹ̀ tí a kò mọ irú rẹ̀, àti C53.9, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Kí ẹ wo ohun tí ẹni tí ó bá ka ìwọ̀nyí ní olú ìlú yóò rò. Yóò rí obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá jà lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti ibì kan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó fún ìdí kan. Jẹjẹrẹ náà ti lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, kámẹ́rà ti rí i. Ohun tí ó sì fà á kò sí nínú ìlà kankan.

Mo ṣí fáìlì náà láti ẹ̀yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá so mọ́ra, mo rí ìlà tí nọ́ọ̀sì kọ. Mo wá lẹ́tà tí ó yẹ kí ilé ìwòsàn onítànṣán ti fi ránṣẹ́, kò sí láàrin àwọn lẹ́tà. Nínú àpòòwé X-ray ni mo ti rí i. Ìdajì ojú ewé ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí mẹ́rin, ìpẹtà píìnì tí wọ́n fi kan án mọ́ nǹkan mìíràn ti gba igun rẹ̀, àwọ̀ òǹtẹ̀ sì ti ṣí. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ, irú jẹjẹrẹ náà, àti “50Gy/25#”. Ní ẹ̀ka tiwa, àmì # túmọ̀ sí egungun tí ó ṣẹ́, nítorí pé báyìí ni àwọn dókítà eegun ṣe ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Fún àwọn onítànṣán, iye ìgbà tí a pín ìtànṣán náà sí ni. Ẹni tí ó to fáìlì náà rí #, ó rò pé ọ̀rọ̀ egungun ni, ó sì kó lẹ́tà náà sí ibi tí àwòrán egungun ń gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tí ó lè ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú ilé ìwòsàn wa ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó fi wá, dókítà kankan kò sì rí i.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ìpalára yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Ọrùn ilé ọmọ àti iwájú ìfun ìdí fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kò sì sí bí ìtànṣán yóò ṣe pa ọ̀kan tí kò ní kan èkejì rárá. Ní àsìkò ìtọ́jú àti láàrin oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, awọ inú ìfun lè wú, kí ìgbẹ́ gbuuru máa yọ ènìyàn lẹ́nu. Ìyẹn a sábà lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí ń pẹ́ kí ó tó dé yàtọ̀ pátápátá. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ògiri ìfun ni ìtànṣán ti bà jẹ́. Ògiri wọn a máa nípọn díẹ̀díẹ̀, ihò wọn a máa dí, ẹ̀jẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn ní ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ara a wá hu iṣan tuntun, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ìgbẹ́ tí ó bá sì le díẹ̀ a ha á ya. Ó lè tó oṣù mẹ́sàn-án, ó lè ju ọdún kan lọ, ó lè ju ọdún méjì lọ pàápàá, láàárín àkókò tí kò sí àmì kankan. Irú ara bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná bí a bá fi ọ̀bẹ kàn án. Nígbà tí mo rántí ìyẹn, mo padà sí ojú ewé ìbẹ̀wò kẹta, mo ka ọjọ́ tí wọ́n fún un láti lọ rí àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo ti mọ ohun tí ó jẹ́ ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́. Ẹni tí ń fi kóòdù sí àìsàn kì í sọ àìsàn. Pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn kò tíì sọ pé òun ló fà á, dókítà tí ó tọ́jú aláìsàn sì ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí yóò so ìkejì mọ́ ìkíní: “nítorí”, “tí ó ti ibẹ̀ wá”, “tí ó fà”. Láìsí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ìwé mẹ́ta tí mo rí, ti nọ́ọ̀sì, ti kámẹ́rà àti lẹ́tà inú àpòòwé, jẹ́ ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí wọn kò tíì pàdé. Nítorí náà mo kọ ìwé ìbéèrè sí dókítà. Báyìí ni ó ṣe lọ:

“Dókítà, nínú fáìlì yìí, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé aláìsàn gba ìtànṣán ní 2019, lẹ́tà láti ibi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ sì wà nínú àpòòwé X-ray. Ìwé àyẹ̀wò kámẹ́rà sọ ohun tí wọ́n rí ní iwájú ìfun ìdí, ó ní kò sí haemorrhoids. Ẹ fi sucralfate rọ ìdí rẹ̀. Nínú ìwé àkótán, ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun nìkan ni ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i, kí ni ó fa ẹ̀jẹ̀ náà? Bí a kò bá lè mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irú àìtó ẹ̀jẹ̀ wo ni? Ṣé jẹjẹrẹ náà ṣì wà lára rẹ̀, àbí ìtọ́jú rẹ̀ ti parí tí kò sì padà?”

Ẹ ó rí i pé n kò béèrè pé, “Ṣé ìtànṣán ló fà á?” Bí mo bá béèrè bẹ́ẹ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá sì bèèrè bí kóòdù náà ṣe débẹ̀, ìdáhùn náà kò ní jẹ́ ti dókítà mọ́. Ohun tí ó wà nínú fáìlì ni mo tò kalẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ pé òun kò mọ̀.

N kò fi ìwé náà ránṣẹ́ lásán, nítorí ọjọ́ mọ́kànlá yẹn. Mo mú un lọ sí wọ́ọ̀dù fúnra mi, mo sì dúró títí dókítà ọ̀dọ́ tí ó kọ ìwé àkótán fi jáde. Ọmọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ ni, ó sì ní ọ̀wọ̀. Ó ka ìwé náà lórí ìdúró, ó ní, “Ẹ káàsán mà. Proctitis tí ìtànṣán fà ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n níbí.” Proctitis ni orúkọ tí wọ́n ń pe kí awọ inú ìfun ìdí wú kí ó sì pọ́n.

Mo ní, “Dókítà, fáìlì kò mọ̀ ọ́n.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. “Mà, ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ má kọ ọ́. Àwọn tó tọ́jú ìyá yìí ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, àwọn ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Tí mo bá kọ ọ́ pé ìtọ́jú wọn ló fa ẹ̀jẹ̀, ṣé kò ní dà bíi pé mo fẹ̀sùn kàn wọ́n ni?”

Ìbéèrè yẹn ni mo rò pé ó ń pa òtítọ́ mọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì, inú mi sì dùn pé ó bi mí lójúkojú. Mo ti mú ìwé ICD-10 dání, mo sì ṣí i sí orí ogún, níbi tí a ti ń kọ ohun tí ó fa ìpalára láti òde. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé náà yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú tí ó pa ènìyàn lára. Àkọ́kọ́ ni Y60 dé Y69, ti àṣìṣe: nǹkan tí a gbàgbé sínú aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí a fà sí i lára tí ó pọ̀ jù, àti Y63.2, ìtànṣán tí ó ju ìwọ̀n lọ. Èkejì ni Y83 àti Y84, èyí tí àkọlé rẹ̀ sọ ní kedere pé ti ìtọ́jú ni, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó fa kí ara aláìsàn gbà á lódì, tàbí ohun tí ó fa ìṣòro tí ó yọjú lẹ́yìn náà, láìsí mẹ́nu ba àṣìṣe kankan ní àkókò tí a ṣe é. Y84.2 ni ti ìtànṣán. Àwọn tí ó kọ ìwé yìí mọ̀ pé a lè ṣe ohun gbogbo bí ó ti yẹ kí ìpalára sì tún wáyé, wọ́n sì ya ilé ọ̀tọ̀ fún un. Ìwọ̀n 50 Gy ní ìgbà 25 tí ó wà nínú lẹ́tà náà jẹ́ ìwọ̀n tí a ń lò nínú ìtọ́jú irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ ohun mìíràn. Dókítà náà ka àkọlé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí ẹni tí ó fi í han òun rí ní ilé ẹ̀kọ́.

Ó kọ àfikún sí ìwé àkótán rẹ̀ lójú mi. Kò pa ohun tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó kọ ọjọ́ òní, aago, ó kọ “àfikún”, ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí ó kọ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà ń wá láti ìfun ìdí nítorí proctitis tí ìtànṣán tí aláìsàn gbà fún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ní 2019 fà. Pé àìtó ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ ti àìtó irin nínú ara nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méje. Pé kò sí àmì pé jẹjẹrẹ náà padà.

Ìlà mẹ́ta yẹn yí gbogbo kóòdù padà. Nínú ìwé kẹta ICD-10, tí í ṣe ìwé atọ́ka, bí a bá wo proctitis, tí a sì wá ti ìtànṣán lábẹ́ rẹ̀, K62.7 ni a ó bá, èyí ló sì di àìsàn pàtàkì, nítorí pé òun ni ó gbé e wá sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀ka wa bi mí pé ṣé kò yẹ kí a lọ sí T80 dé T88, níbi tí ìṣòro tí ìtọ́jú ń fà wà. Kò burú bí ó ṣe béèrè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni a ń kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ̀yà ara bá ti ní kóòdù tirẹ̀ fún irú ìpalára bẹ́ẹ̀ nínú orí tirẹ̀, ibẹ̀ ni a ń kọ ọ́ sí, K62.7 ti sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó ṣe é pọ̀. T66 pẹ̀lú, ti ìpalára ìtànṣán tí a kò ṣàlàyé, kò ní iṣẹ́ níbi tí dókítà ti ṣàlàyé. A fi Y84.2 tẹ̀ lé K62.7. D64.9 di D50.0. C53.9 kúrò, Z85.4 rọ́pò rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé aláìsàn ti ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀yà ìbímọ rí. Mo sì fi Z92.3 kún un, pé ó ti gba ìtànṣán rí, kí ẹni tí yóò ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ iwájú lè rí i kódà bí ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ọ̀gá mi kò tètè fẹnu kò lé lórí. ICD-10 tún ní Y88.3, fún ohun tí ìtọ́jú fi sílẹ̀ lára ènìyàn, ó sì ka ohun tí ó bá yọjú ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìtọ́jú mọ́ ọn. Oṣù 16 ju ọdún kan lọ. Ọ̀gá mi ní ibẹ̀ ló yẹ kí a lọ. Mo lóye ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n Y88.3 kò sọ irú ìtọ́jú tí ó jẹ́, ẹni tí ó bá kà á kò ní mọ̀ bóyá ìtànṣán ni tàbí rọ́bà tí a ki sí ìtọ̀, àìsàn náà sì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nínú ìfun, kì í ṣe àpá tí ó kù. Àkọlé Y83 àti Y84 fúnra rẹ̀ gba ìṣòro tí ó yọjú lẹ́yìn náà mọ́ra, kò sì fi ọjọ́ dè é. Y84.2 ni a fi sílẹ̀ níkẹyìn, a sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìpinnu ẹ̀ka wa, kí ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá tún dé. Bí a bá pín irú àìsàn kan sí kóòdù méjì nítorí èrò ẹni tí ó jókòó lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, iye rẹ̀ kò ní pé níbì kankan.

Ti àwọn ìbẹ̀wò mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó dùn mí jù. Bí inú mi bá tilẹ̀ fẹ́, n kò lè fi ọwọ́ mi yí K64.9 padà, nítorí pé ohun tí dókítà kọ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn nìyẹn. Dókítà ọ̀dọ́ náà gbé fáìlì lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì kọ àfikún sí ojú ewé ìbẹ̀wò kẹta pé àyẹ̀wò kámẹ́rà ti fi hàn pé haemorrhoids kọ́ ni. Ìròyìn ọdún 2020 ti kúrò lọ́wọ́ wa ní àkókò yẹn. Nínú ìwé ìjọba, ó ṣì jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Èyí tí mo kọ ní oṣù kìíní nìkan ni a rí tún ṣe.

Ní ọjọ́ kan náà ni ọ̀gá dókítà pe àwọn oníṣẹ́ abẹ lórí fóònù, wọ́n sì fagi lé ọjọ́ tí wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú fáìlì pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé tàbí so ohunkóhun ní ìdí aláìsàn yìí láìkọ́kọ́ ka lẹ́tà ìtànṣán rẹ̀. Mo mú lẹ́tà náà kúrò nínú àpòòwé X-ray, mo nà án, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn èèpo fáìlì, mo sì kọ ohun tí # túmọ̀ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó wá gba oògùn ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ó ti gbọ́ pé ìtànṣán ni, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé iná tí wọ́n fi wo màmá mi sàn ló tún fẹ́ pa wọ́n ni?” Kì í ṣe èmi ni ó yẹ kí n dáhùn, mo sì mú un lọ bá dókítà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ náà ì bá ti pa ìyá rẹ̀ bí wọn kò bá lo ìtànṣán, pé ẹ̀jẹ̀ yìí ṣeé tọ́jú, pé bí sucralfate kò bá tó, àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń jó ojú iṣan náà tàbí tí wọ́n fi ń fi formalin tí a là kan ibẹ̀, àti pé kí wọ́n má ṣe bu àgbo kankan rọ ọ́ nídìí. Ohun tí ọmọ náà sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: ó ní bí ẹnì kan bá ti sọ fún àwọn ní 2019 pé irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè wá lẹ́yìn ọdún kan, àwọn kò ní pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ kì í gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi kóòdù jẹun ní Amẹ́ríkà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń lo ICD-10-CM láti oṣù kẹwàá ọdún 2015, K62.7 àti Y84.2 wà nínú tiwọn náà, ìlànà wọn sì sọ gbangba pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú ni a ń pè ní ìpalára ìtọ́jú, pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀, àti pé kí a bi í bí kò bá yé wa. Ohun kan náà ni a ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbẹ̀ owó ilé ìwòsàn dá lé e. ICD-11, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, tún tẹ̀ síwájú: ó ya ìpalára, ohun tí ó fà á, àti ọ̀nà tí ó gbà wáyé sí kóòdù mẹ́ta tí a ń so pọ̀ mọ́ ara wọn. N kò rí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe so mẹ́ta pọ̀ níbi tí dókítà bá kọ ẹyọ kan.

Ní oṣù kẹfà ìyá náà padà wá. Ẹ̀jẹ̀ ti di kín-ún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, PCV rẹ̀ jẹ́ 31, ó sì ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti tẹ ìbéèrè kan mọ́ iwájú káàdì tuntun ní ẹ̀ka wa, ní èdè Yorùbá, lábẹ́ ibi tí a ti ń bèèrè iṣẹ́ abẹ: “Ṣé ẹ ti gba ìtànṣán tàbí iná rí fún àìsàn kankan? Níbo, ọdún wo?” Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àpòòwé X-ray wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí èrò bá ti dínkù, nítorí pé ẹni tí ó to lẹ́tà yẹn síbẹ̀ ti to ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn kí ó tó fẹ̀yìn tì.